Ṣé kíka nọ́ńbà ló yẹ kí ọmọ kọ́kọ́ kọ́, àbí wíwọn nǹkan?

TíṣàÒṣogbo

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Pírámárì wáànù ni mò ń kọ́. Àwọn ọmọ mi ń ka ení dé ọgọ́rùn-ún bí ẹni ń kọrin. Ṣùgbọ́n ẹ to ìdérí ìgò méje síwájú ọ̀kan nínú wọn, ẹ ní kó kà á. Yóò fọwọ́ kàn wọ́n níkọ̀ọ̀kan: ení, èjì, ẹ̀ta, títí dé èje. Ẹ wá ní, "Ó dáa, kó méje fún mi." Èyí tó kà kẹ́yìn ni yóò mú, tí yóò nà sí yín. Ẹyọ kan! Lójú tirẹ̀, èje lorúkọ ìdérí yẹn, bí Ṣadé ṣe jẹ́ orúkọ ọmọ tó jókòó tì í. Kì í ṣe gbogbo wọn o, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹnì kan wá fi àpilẹ̀kọ kan ránṣẹ́ sí mi nípa Evald Ilyenkov, onímọ̀ òye ará Sófíẹ̀tì, àti Vasily Davydov tó ń ṣèwádìí lórí ìrònú ọmọdé. Bó ṣe yé mi, wọ́n ní kíkà tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ gan-an ló ń da ọ̀rọ̀ rú, pé ọgbọ́n ìrònú tí wọ́n ń pè ní dialectics, èyí tó ń wá òye gba inú ìtakora kọjá, ló yẹ kí olùkọ́ gbé iṣẹ́ lé, kí ọmọ sì kọ́ wíwọ̀n kó tó kọ́ kíkà. Ọmọ ọdún mẹ́fà àti dialectics kẹ̀? Ẹni tó bá yé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

BàbáLumumba

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. Yunifásítì Patrice Lumumba ní Moscow ni mo ti kàwé láyé Sófíẹ̀tì, orúkọ àwọn méjèèjì kò ṣàjèjì sí mi.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yọ ẹ̀rù kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà. Ilyenkov kò ní ká máa ka ìwé Hegel, onímọ̀ òye ará Jámánì tí wọ́n mọ̀ mọ́ dialectics, sọ́mọdé létí. Ó ní olùkọ́ ni kó mọ ibi tí nọ́ńbà ti jáde wá, kó sì mú ọmọ gba ibẹ̀ kọjá. Bí a ṣe ń ṣe é níbi gbogbo ni pé a ó fi ọmọláńgidi kan han ọmọ, a ní "ọ̀kan". A fi bọ́ọ̀lù kan hàn án, "ọ̀kan". A gbé méjì kalẹ̀, "méjì". A rò pé ọmọ yóò rí nọ́ńbà lára nǹkan bó ṣe ń rí àwọ̀ pupa lára ohun pupa. Nọ́ńbà kì í ṣe àwọ̀. Ẹ wo bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ yín. Mélòó ni? Tí ẹ bá ń ka ẹyọ, méjì ni. Tí ẹ bá ń ka péà, ọ̀kan ni. Bàtà kò yí padà, ohun tí ẹ fi ń kà á ló yí padà. Nǹkan kan náà jẹ́ ọ̀kan, ó tún jẹ́ púpọ̀, lẹ́ẹ̀kan náà. Ìtakora tí wọ́n ń sọ nìyẹn. Olùkọ́ tó bá bò ó mọ́lẹ̀ fún ọmọ, ọmọ yóò so nọ́ńbà mọ́ nǹkan bí orúkọ, bí ẹ ṣe rí i yẹn.

Ìdí nìyẹn tí Davydov àti Daniil Elkonin, àgbà tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, kò fi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà rárá ní Iléèwé 91 ní Moscow, níbi tí wọ́n ti ń dán ètò yìí wò láti ìparí àwọn ọdún 1950. Ọmọ kíláàsì kìíní kọ́kọ́ ń fi nǹkan wé nǹkan: èwo ló gùn jù, èwo ló wúwo jù, ìkòkò wo ló gba omi jù. Ohun tó bá rí ló ń fi lẹ́tà kọ: A > B. Lẹ́yìn náà, kí la máa bù sí B kó lè dọ́gba pẹ̀lú A? C ni. Nítorí náà A = B + C, bí a bá sì yọ C kúrò lára A, B ló kù. Gbogbo èyí, ọmọ kò tíì kọ 1 tàbí 2 sínú ìwé.

Ajíṣirò

Bàbá, ẹ kú àlàyé, ṣùgbọ́n n ò lè gba gbogbo rẹ̀. Ohun tí Tíṣà ṣàpèjúwe yẹn, a mọ̀ ọ́n, kò nílò Hegel. Karen Wynn, tó ń ṣèwádìí lórí ìrònú ọmọdé, ló lo àyẹ̀wò "fún mi ní iye báyìí" nínú iṣẹ́ tó gbé jáde ní 1990, tó sì jẹ́ pé ohun tí àwọn ọmọ Tíṣà ń ṣe gẹ́ẹ́ ni àwọn ọmọ kéékèèké ń ṣe níbẹ̀. Ọmọ á kọ́kọ́ mọ ọ̀kan dájú, ó tó ìgbà díẹ̀ kó tó mọ méjì, lẹ́yìn náà mẹ́ta, kó tó wá yé e lójijì pé ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn nínú kíkà ni iye gbogbo wọn. Rochel Gelman àti C. R. Gallistel sì ti kọ ọ́ ní 1978 pé kíkà ọmọdé ní ìlànà nínú: orúkọ kan fún ẹyọ kan, orúkọ ò gbọdọ̀ fò síwájú ara wọn, èyí tó kẹ́yìn ni iye, kò sí ohun tí a ò lè kà, ibi tó bá sì wuni la lè ti bẹ̀rẹ̀.

Orin kíkà nìkan làwọn ọmọ yẹn ń kọ nílé, ẹnikẹ́ni ò rán wọn níṣẹ́ nọ́ńbà. Ẹ máa rán wọn: "Kó ṣọ́ọ̀kì mẹ́rin wá," "Kó ìwé mẹ́fà lọ fún Ṣadé." Ó máa wọlé.

Ìkejì, àwọn onímọ̀ ìṣirò méjì, Frege ní 1884 àti Peano ní 1889, fẹsẹ̀ nọ́ńbà múlẹ̀ láìwọn ohunkóhun. Ẹni kan, ìjókòó kan. Bí kò bá sí ẹni tó dúró, tí kò sì sí ìjókòó tó ṣófo, iye wọn dọ́gba. Ó tán. Kí ló dé tí ọmọdé fi gbọ́dọ̀ gba ọ̀nà okùn àti omi?

ÌyáOníGàárì

Ẹ̀yin alákọ̀wé ń fa ohun tí gbogbo ọjà mọ̀ mọ́ ara yín lọ́wọ́. Gàárì kan náà nínú àpò kan náà, ẹ fi kóńgò wọ̀n ọ́n, ẹ fi agolo mílíìkì wọ̀n ọ́n, ṣé iye kan náà lẹ máa pè? Oníbàárà tó bá béèrè iye tí kóńgò jẹ́ láìwo kóńgò, ẹkún ló ń lọ sun nílé. Àwọn kan máa ń gbá ìdí rẹ̀ wọnú. Ọmọ mi obìnrin tí kò tíì pé ọdún méje, inú kóńgò ẹlòmíì ló máa ń kọ́kọ́ tọwọ́ bọ̀ tí a bá lọ rajà. Ta ló kọ́ ọ? N ò tiẹ̀ mọ̀.

BàbáLumumba

Ìyá OníGàárì, ẹ ṣeun ṣeun. Ẹ ti bá mi dá Ajíṣirò lóhùn ìdajì.

Ní 1960, Pyotr Galperin àti Georgiev, àwọn olùwádìí ìrònú ọmọdé tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Moscow nígbà náà, kíyè sí i pé ọmọ tó mọ kíkà dáadáa lè máa fi ṣíbí wọn nǹkan, kó má bìkítà bóyá ṣíbí yìí kún, tàbí ìyẹn kò ju ìdajì lọ. Ṣíbí ni ṣíbí. Gbogbo bíbù tó bá ṣáà ti bù, "ọ̀kan" ni. Ọmọ ìyá oníkóńgò kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí owó wà níbẹ̀. Ẹ rí i, ohun tí à ń wá nìyẹn: kí òṣùwọ̀n ní ìtumọ̀ fún ọmọ kí nọ́ńbà tó dé.

Ajíṣirò, àbúrò mi, n ò bá Frege jà. Ṣùgbọ́n ìjókòó àti ènìyàn ti gé ara wọn sọ́tọ̀ kí ẹ tó débẹ̀. Ẹyọ ti wà nílẹ̀, ẹ kàn lọ bá a ni. Omi kò gé ara rẹ̀, ilẹ̀ kò gé ara rẹ̀, okùn kò gé ara rẹ̀. Níbẹ̀, ẹni tó fẹ́ nọ́ńbà gbọ́dọ̀ yan ohun tó máa pè ní ọ̀kan. Isaac Newton sọ ọ́ nínú ìwé ìṣirò rẹ̀ tó jáde ní 1707: nọ́ńbà kò jẹ́ ọ̀pọ̀ ẹyọ tó bó ṣe jẹ́ ìbátan láàárín ìwọ̀n kan àti ìwọ̀n mìíràn irú tirẹ̀ tí a mú ní ọ̀kan. Davydov mú un bẹ́ẹ̀. Bí òṣùwọ̀n bá wọ inú nǹkan lẹ́ẹ̀márùn-ún láìṣẹ́kù, 5 ni. Bí kò bá wọ̀ ọ́ tán, ìdá ló dé yẹn, láti ẹnu ọ̀nà kan náà. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ látorí kíkà ìdérí ìgò ní tirẹ̀, ọjọ́ tó bá kan ìdá, yóò gbọ́ pé nọ́ńbà mìíràn tún wà tí kò fi ibì kankan jọ èyí tó mọ̀.

ÌyáÌbejì_Leeds

Ọ̀rọ̀ ìdá yìí ló fà mí wọlé. Kẹ́hìndé mi ní ìdá kan nínú mẹ́jọ tóbi ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ, torí mẹ́jọ ju mẹ́rin lọ. Mo gé búrẹ́dì, mo gé àkàrà òyìnbó, ó rí i pẹ̀lú ojú rẹ̀ pé èyí kéré. Lọ́jọ́ kejì, ó tún kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé. Ó ní ti búrẹ́dì yàtọ̀ sí ti ìṣirò.

Ṣùgbọ́n ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ọmọ tó bá ń kọ A àti B kiri nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe àròpọ̀, ṣé wọn ò ní kọ̀wé sí mi pé ọmọ mi ti rẹ̀yìn?

BàbáLumumba

Wọ́n lè kọ ọ́, ìyá wa. N ò ní purọ́ fún yín. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹ ètò yìí wò yóò ní kò ṣiṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń dààmú Kẹ́hìndé, ọmọ Iléèwé 91 ń bá a pàdé ní kíláàsì kìíní, kó tó gbọ́ orúkọ ìdá rárá: òṣùwọ̀n kékeré ń mú nọ́ńbà ńlá wá. Ọmọ tó bá ti fi agolo àti kóńgò wọn omi kan náà, tó wá rí i pé èyí tó kéré ló ń pe iye tó pọ̀, mẹ́jọ kò ní fi títóbi dẹ́rù bà á mọ́.

Ajíṣirò

Mo fara mọ́ èyí tó kan ìdá. Òótọ́ ni pé ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ti ń já sí kòtò, mò ń rí i lára àwọn tó ti dé yunifásítì pàápàá.

Ohun tí mo fẹ́ kí Tíṣà ṣọ́ra fún ni pípe ọmọ ní aláìmọ̀kan kíákíá. Ní 1941, Jean Piaget àti Alina Szeminska, tí àwọn náà ń ṣèwádìí lórí ìrònú ọmọdé, kọ ọ́ pé ẹ lè to ìlà méjì tó dọ́gba síwájú ọmọ, kó gbà pé wọ́n dọ́gba; ẹ wá fa ọ̀kan gùn, á ní èyí tó gùn ti pọ̀ sí i. Gbogbo ayé gbà á. Ní 1974, McGarrigle àti Donaldson tún un ṣe, wọ́n jẹ́ kí béárì ọmọláńgidi kan tó ń ṣe ìjàngbọ̀n wá da ìlà náà rú dípò àgbàlagbà. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń kùnà tẹ́lẹ̀ ló wá sọ pé ìlà méjèèjì ṣì dọ́gba. Kí nìdí? Bí àgbàlagbà bá fọwọ́ ara rẹ̀ yí nǹkan padà, tó tún béèrè ìbéèrè kan náà, ọmọ á rò pé ìdáhùn mìíràn ni wọ́n ń fẹ́. Nítorí náà, ọmọ tó na ìdérí kan sí Tíṣà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìdérí tó dúró lé lórí nígbà tó pe "èje" ló rò pé wọ́n ń béèrè. Ẹ yí ìbéèrè padà kí ẹ tó yí ètò ẹ̀kọ́ padà.

Alákọ̀wé_Ifẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n mú un wálé díẹ̀. Láti 1970 ni Babs Fafunwa àti àwọn ará yunifásítì Ifẹ̀ ti ń fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣirò náà kò gbẹ́yìn. Lẹ́yìn ìyẹn, láàárín àwọn ọdún 1980, obìnrin ará Ọsirélíà kan, Helen Verran, wà ní Ifẹ̀ tó ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di olùkọ́. Ó kọ̀wé nípa olùkọ́ kan tí ìlànà iṣẹ́ ní kó kọ́ ọmọ ní wíwọn gígùn. Olùkọ́ náà ní kí wọ́n fi okùn wọn ara, kí wọ́n wá wé okùn náà mọ́ páálí kékeré kan, kí wọ́n sì ka iye ìgbà tó yí i po. Lójú ẹni tó mú rúlà dání, ọ̀nà àyíká ni. Lójú ọmọ, kedere ni: páálí ni òṣùwọ̀n, iye wíwé ni nọ́ńbà. Ẹ̀yin ará Moscow, ṣé ẹ rí i? Olùkọ́ yìí kò ka Davydov.

Mo fi kún un, kí ẹnikẹ́ni má baà sáré: Verran kọ́kọ́ rò pé èyí fi hàn pé nọ́ńbà Yorùbá jẹ́ ayé ọ̀tọ̀ sí ti òyìnbó. Nígbà tó máa fi gbé ìwé rẹ̀ jáde ní 2001, òun fúnra rẹ̀ ti ń tú àlàyé yẹn palẹ̀. Ẹ má jẹ́ ká fi í ṣe fáàrí.

TíṣàÒṣogbo

Mo ń gbọ́ o. Ajíṣirò, mo ti kọ ti ìbéèrè yẹn sílẹ̀, màá dán an wò. Ṣùgbọ́n kíláàsì mi kún dé ẹnu ọ̀nà, kò sí òṣùwọ̀n, kò sí rúlà tó tó àwọn ọmọ. Bàbá, tí mo bá fẹ́ ṣe é lọ́la, báwo ni màá ṣe bẹ̀rẹ̀?

BàbáLumumba

Ẹ má ra nǹkan kan. Ẹ béèrè bóyá pátákó ìkọ̀wé gùn ju bí ilẹ̀kùn ṣe ga lọ. Wọ́n á máa pariwo: ó gùn jù ú, kò gùn jù ú. Ẹ ní kí wọ́n fi hàn yín. Pátákó kò ṣeé yọ lára ògiri, ilẹ̀kùn kò ṣeé gbé. Ẹ dákẹ́ níbẹ̀. Ìdákẹ́ yẹn ni iṣẹ́ olùkọ́ lọ́jọ́ náà. Ẹnì kan á ronú kan okùn: fà á dé ìpẹ̀kun pátákó, gé e, gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà. Kò tíì sí nọ́ńbà, wọn kò nílò rẹ̀.

Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ gba okùn lọ́wọ́ wọn, ẹ fún wọn ní igi pákò kan tó kúrú. Báyìí ni nọ́ńbà di ọ̀ranyàn, torí kò sí bí pákò ṣe lè rántí fúnra rẹ̀ iye ìgbà tó lọ. Kí wọ́n máa fa ìlà sílẹ̀ fún ìgbà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó fún ìlà wọ̀nyẹn lórúkọ. Ní Moscow wọ́n ń kọ ọ́ pé A/E = 5: A ni ohun tí à ń wọ̀n, E ni pákò.

Èyí tó dùn jù nìyí. Ẹ mú ọmọ méjì, kí wọ́n wọn tábìlì yín. Ẹ fún ọ̀kan ní bírò, ẹ fún èkejì ní páálí ìṣáná, kí ọ̀kan má rí ti èkejì. Wọ́n á pe nọ́ńbà tó jìnnà síra wọn, wọ́n á bára wọn jà pé irọ́ ni. Ẹ má ṣe làjà! Ẹ rán ọmọ kẹta lọ sí kíláàsì kejì pé kó gé okùn tó gùn tó tábìlì, nọ́ńbà nìkan ni kí ẹ fún un. Yóò padà wá bi yín pé, "Mẹ́sàn-án kí ni?" Ọmọ tó bá ti béèrè bẹ́ẹ̀, ẹ ti kọ́ ọ.

Ajíṣirò

Èyí dára, n ò ní jiyàn. Àmọ́ ọgọ́rùn-ún, ẹgbẹ̀rún ńkọ́? Ẹ ò lè máa fi páálí ìṣáná wọn ọ̀nà Ìbàdàn.

Alákọ̀wé_Ifẹ̀

Davydov dáhùn ìyẹn. Bí òṣùwọ̀n bá kéré jù, ọmọ á fi í kọ́ èyí tó tóbi, á tún fi èyí tó tóbi kọ́ èyí tó jù ú lọ. Ibẹ̀ ni ipò nọ́ńbà (ẹyọ, mẹ́wàá, ọgọ́rùn-ún) ti ń wá, wọ́n sì máa ń fi mẹ́ta-mẹ́ta tàbí mẹ́rin-mẹ́rin ṣe é kó tó kan mẹ́wàá-mẹ́wàá, kí ọmọ má baà rò pé mẹ́wàá já bọ́ látọ̀run. Ẹ rántí owó ẹyọ: ogójì ẹyọ ni okùn kan, àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá jẹ́ ọ̀kẹ́ kan. Ta ló ń ka ẹyọ 20,000 níkọ̀ọ̀kan? Àpò ni wọ́n ń kà.

Ajíṣirò

Ó dáa. Ìbéèrè mi tó kù, ti owó àti ti ènìyàn ni. Yunifásítì Hawaii ní Amẹ́ríkà gbé ètò yìí ní àwọn ọdún 2000, wọ́n pè é ní Measure Up. Iléèwé tó wà lábẹ́ yunifásítì ni wọ́n ti ń ṣe é, níbi tí olùwádìí ń jókòó sí kíláàsì. Iléèwé 91 náà, bákan náà. Olùkọ́ tó lè dákẹ́ síwájú pátákó bí Bàbá ṣe sọ yẹn, tó mọ ìdí tó fi dákẹ́, mélòó la ní? Ọ̀gá iléèwé tó bá wọlé lásìkò yẹn á ní Tíṣà ò ṣiṣẹ́.

ÌyáOníGàárì

Kó sọ fún ọ̀gá pé kó wá bá wọn gbé ilẹ̀kùn.

TíṣàÒṣogbo

Màmá, ẹ máa pa mí! Ajíṣirò, òótọ́ lẹ sọ, àti pé n ò lè fi kíkà sílẹ̀, torí ó wà nínú ìdánwò. Ohun tí mo rò ni pé kí n fi pátákó àti ilẹ̀kùn ṣíwájú, kí iṣẹ́ rírán "kó mẹ́rin wá" máa lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹyọ ìbéèrè kan ló kù. Pákò ò ní wọ pátákó tán géérégé. Ó máa ṣẹ́kù díẹ̀. Kí ni mo máa sọ fún wọn?

BàbáLumumba

Ẹ má sọ nǹkan kan. Ẹ̀ẹ̀kan àkọ́kọ́, ẹ gé pákò tó máa wọ̀ ọ́ tán, kí wọ́n kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ rẹ̀. Tó bá yá, ẹ gbé èyí tí kò wọ̀ tán wá. Àwọn kan á ní "márùn-ún" lásán, àwọn kan á ní "mẹ́fà", ẹnì kan á ní "márùn-ún àti díẹ̀". Ẹ kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sójú pátákó, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.